Balógun Tí Kò Yìnbọn

Bàbá tó bí ìyá mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Ifẹ̀wàrà, lórí àga tí a máa ń gbé síta fún wọn lábẹ́ igi orógbó. Wọ́n béèrè omi. Kí ìyàwó àbúrò mi tó gbé omi dé, wọ́n ti lọ. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye ọdún wọn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, eyín mi ti ń yẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ-ọmọ tèmi ló sì ń bá mi tẹ fóònù. Síbẹ̀, títí di ọdún tó kọjá, bí mo bá ti Òṣogbo dé Òkè-Ọsẹ̀, ohun tí Bàbá máa ń kọ́kọ́ sọ ni, “Ràímì, ìwọ ọmọdé yìí, o ti jẹun?”

Àwọn tó kàwé jù mí lọ pọ̀ nínú ẹbí wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà á tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ èyí nítorí èmi ni mo máa ń rántí orúkọ gbogbo ènìyàn. Bóyá ẹ̀bùn ni, bóyá àìríṣẹ́ṣe ni. Ìyàwó mi Sàídátù ní ìkejì ni.

Kí n tó sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdààmú tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Balógun Ọdẹ ni wọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, olórí gbogbo ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé àti oko wa. Nígbà tí ara wọn ṣì dá, wọ́n pe gbogbo wa jọ, àwa mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, wọ́n ní, “Ẹ lè ka yáàsín fún mi, ẹ lè kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ṣípà fún mi, mi ò kúrò nínú ulé yìí.”

Ẹni tí kò bá bá ọdẹ gbé rí, kí n là á yé e. Ìṣípà ni ètò tí àwọn ọdẹ fi ń ya ọdẹ tó kú kúrò lára àwọn alààyè. Wọn á kó ẹ̀wù rẹ̀, àpò rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ jọ, wọn á wọ̀ ọ́ fún igi bí ẹni pé ènìyàn ló dúró, wọn á sun ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, fún un, wọn á sì gbé e lọ sínú igbó. Àwọn ẹbí ò lè dá a ṣe. Àwọn ọdẹ ló ń ṣe é, Balógun tó wà lórí oyè ló sì ń ṣáájú wọn. Nígbà tí ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọdẹ fi Ògúnṣèyè rọ́pò wọn. Ògúnṣèyè yìí kò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ẹbí wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Alàgbà Jósẹ́fù, ní, “Ràímì, ìwọ lo máa lọ bá Ògúnṣèyè.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?”

Wọ́n ní, “Kò lè bínú sí ọ. Kò sí nǹkan kan lára rẹ tí èèyàn lè bínú sí.”

Irú ojú tí wọ́n fi ń wò mí nílé nìyẹn. Mi ò sì lè bá wọn jiyàn. Ní gbogbo ayé mi, ẹnu ojú irin ni mo dúró sí ní Òṣogbo, níbi tí rélùwéè ti ń gba títì kọjá. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, mo gbé àsìá pupa sókè fún àwọn onímọ́tò. Bó bá ti lọ, mo gbé aláwọ̀ ewé. Ọmọ-ọmọ Balógun Ọdẹ Òkè-Ọsẹ̀ rèé, aṣọ méjì tí wọ́n so mọ́ igi ni gbogbo ohun ìjà tó ní.

Bàbá wá wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wọ gbérí ọdẹ wọn, wọ́n dúró tì mí ní ẹnu ojú irin bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran. Mo gbé pupa sókè. Takisí dúró, lọ́rì dúró. Ọkọ̀ ńlá kan tí dírẹ́bà ń wà, tí ọ̀gá kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òun náà dúró.

Bàbá ní, “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Ọ̀gá ìjọba ni, Bàbá.”

“Ó dúró nítorí aṣọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

A jọ padà sí yàrá mi ní Òkè Fíà. Wọ́n jẹun, wọ́n wẹwọ́, wọ́n wá yíjú sí Sàídátù. Mo wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, títí mo fi dé abúlé tí mo rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé, tí gbogbo ayé sì ti rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi sọ mí ní Alásìá. Ohun tí Bàbá sọ fún un ni pé, “Ìyàwó, ọkọ rẹ jù mí lọ. Bí èmi bá gbé ìbọn sókè, sísá ni wọ́n ń sá. Kò sẹ́ni tó dúró dè mí rí.”

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí Bàbá rí, ẹ má ro òmìrán. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, tí ẹsẹ̀ wọn kì í kanlẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sórí àga pálọ̀. Ọkùnrin kan wá láti Iléṣà lórí ọ̀kadà, ó ń wá ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ oko kòkó rẹ̀. Ó bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Balógun ni mo wá rí.”

Bàbá ní, “Jókòó. Wọ́n ń bọ̀.”

Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un lóbì. Wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀, oko rẹ̀, àti ìdí tí alágbàro tó ní tẹ́lẹ̀ fi sá lọ. Ọkùnrin náà ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dé bí òun ṣe jẹ alágbàro náà lówó iṣẹ́. Nígbà tó yá, inú bí i, ó ní Balógun yìí ò ka èèyàn sí, ó sì dìde. Ó ti gun ọ̀kadà kí Ìyá àgbà tó sọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ fún un. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Bàbá ní kó lọ tún ọ̀rọ̀ alágbàro ṣe kó tó padà wá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fi ara wọn pamọ́. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́ kó tó mọ irú ẹni tí mo jẹ́.”

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò bẹ̀rù wọn ni Ìyá àgbà Wúràọlá, ìyàwó wọn. Orí àtẹ tí Ìyá àgbà fi ń sá ẹ̀lùbọ́ ni Bàbá ti máa ń sá ẹ̀tù ìbọn. Ìjà yìí ni mo bá láyé.

“Balógun, ẹ wá kó ẹ̀tù yín kúrò lórí àtẹ mi.”

“Àtẹ ta ni?”

“Àtẹ tí mo fi ń bọ́ yín ni.”

“Ìbọn ló ń ṣọ́ oko tí iṣu rẹ ti ń wá.”

“Ó dáa. Ẹ fi ìbọn jẹun lónìí.”

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Abọ́ òfìfo ni Ìyá àgbà gbé kalẹ̀ níwájú Bàbá, ó fi ìdérí dé e dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn pé kí wọ́n máa jẹun. Èmi tí mo wà láàárín wọn, mo jẹ tèmi tán ní ilé ìdáná kí n tó wá bá Bàbá kẹ́dùn. Wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ́, wọ́n sì ní, “Mo ti rí ogun. Èyí tí wọ́n fi abọ́ òfìfo jà nìkan ló ṣẹ́gun mi.”

Wọn ò jogún oyè Balógun. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọdẹ ló ń yan olórí wọn fúnra wọn. Wọn á péjọ, oníkálùkù á gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níwájú ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé. Níwájú Ọdẹ́yalé ni Bàbá gbé tiwọn sí, nítorí Ọdẹ́yalé ga, ohùn rẹ̀ sì dún. Nígbà tí gbogbo ènìyàn gbé tán, ìbọn Bàbá nìkan ló wà níwájú Ọdẹ́yalé. Níwájú Bàbá ni gbogbo ìyókù kún sí. Ọdẹ́yalé bú sẹ́rìn-ín, ó gbé tirẹ̀ náà, ó lọ fi kún un. Ọjọ́ tí Bàbá ń sọ ìtàn yìí fún wa, à ń retí pé wọn á fọ́nnu. Wọ́n kàn ní, “Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn, kò wúwo rí bí ọjọ́ tí wọ́n kó ti gbogbo wọn síwájú mi.”

Òfin kan wà tó bá oyè náà rìn, òun ló sì bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí àwọn ọdẹ bá jáde ogun, ìbọn Balógun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún. Ẹni tó bá yìn ṣáájú rẹ̀, wọn á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní jẹ́ ọdẹ mọ́ láyé.

Ààlà oko ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti Abà Àràbà. Odò kékeré kan tí à ń pè ní Alákàn ló wà láàárín wa. A ní odò ni ààlà. Wọ́n ní ààlà kọjá odò. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ sọ ọ́ bọ̀, àwọn kan ti òdìkejì wá, wọ́n gé kòkó bàbá Ògúnṣèyè lulẹ̀, gbogbo rẹ̀, èyí tó ti ń so. Ògúnṣèyè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ó yára, ó sì gbóná. Ó gba ojúlé dé ojúlé. Kí òòrùn tó gòkè, gbogbo ọdẹ ti wà níwájú ilé Bàbá pẹ̀lú ṣakabùlà, ìbọn onẹ́tù wọn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, karosíìnì ni mo gbé wá fún Ìyá àgbà. Ṣòkòtò ìlú ni mo wọ̀, èyí tó fẹnu gbòòrò nísàlẹ̀. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ràímì, gbé àpò iṣu yẹn, máa bọ̀.” Bí mo ṣe di ọmọ ogun nìyẹn.

A dé Alákàn. Àwọn ará Abà Àràbà ti wà lódìkejì, àwọn náà gbé ìbọn. Mo dúró síbi tí mo ti lè rí gbogbo nǹkan dáadáa. Bàbá wo àwọn ènìyàn náà, wọ́n wo orí òkè tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì jókòó sórí òkúta kan. Wọ́n ní kí n dáná, kí n sun iṣu.

Ògúnṣèyè ní, “Balógun, àwọn rèé. Kí la ń dúró dè?”

Bàbá ní, “Ebi ń pa mí.”

Mo sun iṣu. Iná ò tètè mú. Bàbá bó iṣu náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi epo jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n sun òmíràn. Wọ́n fọ ẹnu ìbọn wọn, wọ́n fa áṣáà, wọ́n tún wo òkè. Òórùn iṣu ń lọ bá àwọn ará òdìkejì. Ẹnì kan pariwo láti ibẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ará Òkè-Ọsẹ̀, ṣé ogun lẹ wá jà ni àbí ẹ wá ṣe ọdún?” Àwọn tiwa kan rẹ́rìn-ín. Ògúnṣèyè ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìbọn lé èjìká, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Òfin ló dè é. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Balógun, mo bẹ̀ yín. Ẹ yìn ín. Ọ̀kan péré.”

Bàbá ní, “Iṣu yìí ò tíì jinná.”

Òjò ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ti rí i bó ṣe ń ṣú bọ̀ láti orí òkè, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé, kò kán díẹ̀díẹ̀, ó dà bí ẹni tú odò láti òkè. Gbogbo ẹ̀tù ìbọn ló rin, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Kò sí ìbọn kan tó lè dún mọ́. Alákàn kún, ó gba òkúta tí Bàbá jókòó lé. Oníkálùkù gba ilé lọ bí adìyẹ. Ṣòkòtò ìlú mi fa omi, ó wúwo débi pé mo ń fọwọ́ méjèèjì gbé e rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá bá àwọn àgbà Abà Àràbà jókòó, ọ̀rọ̀ ààlà náà sì tán nínú ilé, láìsí ẹni tó kú.

Ògúnṣèyè ní òjò ló jagun, pé ojo ni Balógun. Bàbá kó ọ̀gbìn kòkó láti oko tiwọn lọ fún un. Kò gbìn ín. Ó tò wọ́n síwájú ilé rẹ̀ nínú òòrùn, níbi tí Bàbá á ti máa rí wọn bí wọ́n bá ń kọjá, títí wọ́n fi gbẹ. Bàbá ò bínú, wọn ò sì yí ọ̀nà padà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún un pé òjò ń bọ̀. Wọ́n ní, “Bí mo bá sọ, ì bá ní kí n yìn kó tó dé.”

Ọkùnrin yìí ni wọ́n rán mi sí.

Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún ẹ̀bìtì ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti yẹ kí a kí Balógun. Àtidìde wá di ìjàngbọ̀n, orúnkún mi kọ̀. Ó fi ẹ̀bìtì sílẹ̀, ó fà mí dìde.

Ó ní, “Alásìá, ta ló rán ọ?”

“Ẹbí ni, Balógun.”

“Wọn ò rí akọ rán?”

“Èmi ni wọ́n rí.”

Mo ro ohun tí Bàbá wí fún un. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Bàbá mi ló gbin kòkó yẹn. Kùkùté rẹ̀ ló ń wò títí ó fi kú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan san án, ẹnì kan péré. Bàbá rẹ sì jókòó tì mí, wọ́n ń jẹ iṣu.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sun iṣu náà.

Ó ní, “Mo máa rò ó.”

Mo ní, “Balógun, ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀?”

Ó ní, “Sọ fún wọn pé mo ní mo máa rò ó. O ò lè fi pupa dá mi dúró, o ò sì lè fi aláwọ̀ ewé ní kí n máa bọ̀.”

Ọjọ́ ìṣípà pé. A se ẹ̀wà, a sun iṣu, a gbé ẹmu kalẹ̀. Alàgbà Jósẹ́fù ní ìgbàgbọ́ wọn ò gbà wọ́n láyè, wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú Bíbélì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Òòrùn kúrò lórí, kò sí ọdẹ kankan. Òòrùn yí. Sàídátù ń wò mí bí ẹni tó rán ẹni tí kò yẹ kó rán. Mo wo àga Bàbá lábẹ́ igi orógbó, mo sì rò ó pé bí wọn ò bá lọ lóòótọ́, èmi ni wọ́n máa máa bi léèrè lójoojúmọ́ pé ṣé mo ti jẹun.

Wọ́n dé nígbà tí a ti ń kó abọ́ wọlé, gbogbo wọn, Ògúnṣèyè níwájú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ gbérí Bàbá fún igi náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó so àpò mọ́ ọn, ó dé e ní fìlà, ó tún fìlà náà tò kó lè rí bí Bàbá ṣe máa ń dé e. Kò sí ibì kan tí èèyàn lè ká a mọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé. Ó gbé e gba orí àwọn ẹran tí Bàbá pa, ó gbé e gba orí àwọn olè oko tí wọ́n mú, ohùn rẹ̀ dùn. Ó wá yí i padà:

“Balógun relé, Balógun ò yìnbọn.
A gbógun dé etí odò, iná ló ń dá.
Ọ̀tá ń wò wá, iṣu ló ń bó.
Ẹ bá mi bi ará ilé rẹ̀ wò:
Ṣé ọdẹ la fi joyè, àbí a-sunṣu-jẹ?”

Orúkọ tí wọ́n bá pe ọdẹ nínú ìrèmọ̀jé ìṣípà, òun ni yóò máa jẹ́ títí láé lẹ́nu àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ará ilé òkú nìkan ló lè dá a lóhùn. Bí wọn ò bá dáhùn, wọ́n ti gbà nìyẹn. Mo wo fèrèsé Alàgbà Jósẹ́fù. Wọ́n ti bojú wo Bíbélì. Mo rí i pé èmi ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Mi ò mọ ìrèmọ̀jé sun. Ohùn mi ò dára, kódà nígbà tí mo wà ní ilé kéú wọ́n máa ń ní kí n máa ka tèmi sínú. Mo kàn la ẹnu.

Mo ní, “Òótọ́ ni. Wọn ò yìn ín.”

Àwọn ọdẹ wo ara wọn.

Mo ní, “Wọn ò yìn ín. Ọdẹ́yalé sùn sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àjàní Ẹlẹ́mu sùn sílé. Fáṣọlá sùn sílé, ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì kí òjò ọdún náà tó dá. Láwálé sùn sílé; ikọ́ ló pa á níkẹyìn, orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, ọmọ rẹ̀ ló di ojú rẹ̀. Kọ́lápọ̀ sùn sílé, ó dàgbà débi pé ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, èmi ni mo máa ń rán an létí. Ọ̀jọ̀gbẹ̀dẹ̀ ará Abà Àràbà, tó bi wá bóyá ọdún la wá ṣe, sùn sílé tirẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ló dúró sẹ́yìn yín yẹn, tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀.” Gbogbo ènìyàn bojú wẹ̀yìn. Ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dorí kodò. Mo ní, “Ògúnṣèyè ọmọ Adéòtí sùn sílé. Ó sunkún sùn ni, ṣùgbọ́n ó sùn sílé.”

Orúkọ tán lẹ́nu mi.

Ògúnṣèyè bọ́ fìlà, ó fi nu ojú, ó tún un dé. Ó wá wò mí.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ gbogbo wọn?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Balógun. Mo wà níbẹ̀.”

Ó ní, “O wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn igi ìrókò lo wà, ìdí rẹ nìkan là ń rí.”

Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín, Sàídátù náà bá wọn rín in. Ògúnṣèyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí igi tó wọ ẹ̀wù Bàbá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó lè gbé e sórí èjìká ara rẹ̀.

Ó ní, “Balógun, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilẹ̀ ń ṣú.”